Fífi ara ẹni hàn lórí ayélujára: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù

Oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò kéékèèké, akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń wáṣẹ́, òbí tó ní fóònù lọ́wọ́: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá. A kó ìdáhùn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú, àwọn tó díjú wà nísàlẹ̀.

Kí ni "personal branding" tí gbogbo èèyàn ń sọ yìí?

Ohun tí ẹni tí kò rí yín rí lè mọ̀ nípa yín kó tó pè yín ni: orúkọ yín, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, ibi tí ẹ wà, bí ẹ ṣe ń bá èèyàn lò, àti bóyá ẹnì kan lè jẹ́rìí yín. Ẹ ní in tẹ́lẹ̀, yálà ẹ tọ́jú rẹ̀ tàbí ẹ ò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ yín sínú Google lónìí tí kò rí nǹkan kan, ìyẹn náà á sọ ohun kan fún un.

Àṣìṣe tí a ń rí jù ni pé ohun tó yẹ kó wà níta làwọn èèyàn ń fi pamọ́, ohun tó yẹ kó wà nínú ilé ni wọ́n ń gbé síta. Ẹ máa rí aránṣọ tó mọṣẹ́ dunjú, tí kò sí iye owó, àdúgbò tàbí orúkọ rẹ̀ gan-an lórí pèèjì rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ àti ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jà. Púpọ̀ nínú ìdáhùn wa dá lórí bí a ṣe lè tún ìyẹn ṣe.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí èèyàn má máa yin ara rẹ̀. Ṣé èyí kì í ṣe ìgbéraga?

Àwọn tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ náà ló ń polówó ọjà. Ìyá alágbàdo tó ń ké "Láńgbé jinná o!" kiri àdúgbò, kò sẹ́ni tó pè é ní agbéraga, torí ohun tó wà nínú igbá rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ibi tí ìgbéraga ti ń wọlé ni kí èèyàn máa pariwo pé òun lòun mọ̀ ọ́n ṣe jù ní gbogbo Ìbàdàn, láìfi iṣẹ́ kankan hàn. Ẹ fi iṣẹ́ hàn, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é, ẹ dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ yín. Àwọn oníbàárà ló máa fi ẹnu wọn yìn yín.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wá ara yín. Ẹ ṣí incognito, ìyẹn ojú ìwé ìkọ̀kọ̀ tí kì í rántí ẹni tó ń lò ó, lórí fóònù, kí Google má baà máa fi ohun tó ti mọ̀ nípa yín dá yín lóhùn. Ẹ tẹ orúkọ yín àti ti bàbá yín, kí ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àti ìlú yín. Ẹ wo apá àwòrán pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù yín, nítorí nọ́ńbà tí ẹ kọ sábẹ́ ìpolówó kan láyé àtijọ́ lè ṣì wà níbẹ̀.

Bí orúkọ yín bá jẹ́ irú èyí tó pọ̀, bíi Adébáyọ̀ tàbí Ọláwálé, ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ló máa yọ. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ ọ́, bóyá kí ẹ fi oríkì bíi Àjọkẹ́ tàbí Àkànní kún un, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: Facebook, LinkedIn, káàdì iṣẹ́, rìsíìtì. Username Instagram kì í gba ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ gan-an ń gbà á. Ẹ kọ ọ́ pé pérépéré níbẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n lo orúkọ gidi?

Fún iṣẹ́ àti òwò, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí oníbàárà ń wò kẹ́yìn kó tó fi owó ránṣẹ́ ni bóyá orúkọ tó yọ nínú àkáǹtì báǹkì bá ti orí pèèjì mu. Bí kò bá bá a mu, ọkàn rẹ̀ á pọ̀rúúrù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo orúkọ òwò, kó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, kó lè fi ṣí àkáǹtì.

Facebook fẹ́ orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pè yín lójoojúmọ́. X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn lórí àìsàn, gbèsè tàbí ìyà tó ń jẹ ẹ́ nínú ilé ọkọ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo orúkọ mìíràn, a ò sì ka ìyẹn sí irọ́. Kí èèyàn gbé orúkọ àti ojú ẹlẹ́ni wọ̀, ìyẹn ni irọ́.

Irú àwòrán wo ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Ojú yín, ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìsí dígí dúdú, láìsí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi app tún un ṣe débi pé oníbàárà tó bá pàdé yín ní ọjà Gbági á kọjá lára yín.

Ìkànnì wo ló dára jù?

Ibi tí àwọn tó máa sanwó fún yín wà. Télọ̀, alásè àti onídìrí, WhatsApp ló kọ́kọ́ kàn. WhatsApp Business, tó jáde ní 2018, kò gba owó lọ́wọ́ yín, ó sì ní kátálọ́ọ̀gù tí ẹ lè to iṣẹ́ àti iye owó sí. Èyí ṣe pàtàkì, torí ohun tí ẹ bá fi sí status á ti pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, LinkedIn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, kó fi í sórí Google Maps, kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú lójú ọ̀nà lè rí mẹkáníìkì tó sún mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe fi gbogbo ọ̀nà oúnjẹ yín sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de Twitter, wọn ò sì ṣí i padà títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti mọ oníbàárà rẹ̀, oṣù méje gbáko ni òfin náà fi dá òun àti wọn ní méjì. Ẹ máa gba nọ́ńbà àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa gbé síta?

Iṣẹ́ náà gan-an, àti bó ṣe di ohun tó dà. Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ tó ń rán agbádá. Àwòrán ọkùnrin tó wọ agbádá níbi ìnáwó dára, ṣùgbọ́n gbogbo télọ̀ ló ní irú rẹ̀, tí wọ́n tún ń jí i lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ yí aṣọ náà sódì, kí ẹ ya inú rẹ̀: bí ojú rírán ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, bí ẹ ṣe ṣẹ́ etí aṣọ tí òwú kankan ò fi já sílẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ibi tí iṣẹ́ ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ẹ sọ iye yáàdì tó gbà, ọjọ́ tó gbà, àti bó ṣe yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti tú lọ́jọ́ ìnáwó rí mọ ohun tí òun ń wò nínú àwòrán yẹn.

Mẹkáníìkì lè gbé brake pad tó ti jẹ tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kó fi ìka wọn bí èyí tó kù ṣe tinrin tó. Kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Onímọ́tò tó bá wò ó á mọ̀ pé ẹni yìí kì í pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ kọ iye owó. "DM fún iye owó" ń lé èèyàn lọ, pàápàá àwọn tó ń tijú láti béèrè. Bí ọjà bá ń wọ́n sí i, ẹ kọ ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí ẹ kọ ọ́. Kí ẹ tó gbé àwòrán oníbàárà síta, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ tó fẹ́ fi ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu lè jẹ́ èyí tí ẹ ń gbé sórí status yẹn.

Ní ti ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà lókè pèèjì, irú èyí tó: "Aránṣọ ọkùnrin, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Agbádá, dàńṣíkí, búbá òun ṣòkòtò. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta." Ẹni tó ń wá télọ̀ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mò ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, n kò sì tíì ṣiṣẹ́ rí. Kí ni mo fẹ́ kọ?

Ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ kàn ò kà á sí iṣẹ́ ni. Ẹ wo ìgbà SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ìgbà NYSC, ìgbà tí ẹ jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ní yunifásítì, ìgbà tí ẹ ń bá màmá yín ṣírò owó ní ṣọ́ọ̀bù. "Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́. "Mo ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde lórí Excel fún ẹgbẹ́ corper wa fún ọdún kan" sọ ohun tí ẹ lè ṣe.

Ẹ bẹ olùkọ́ tàbí ọ̀gá kan kó kọ ìlà méjì nípa yín sórí LinkedIn. Ọ̀pọ̀ ló máa ṣe é tayọ̀tayọ̀ bí ẹ bá rán wọn létí ohun tí ẹ jọ ṣe.

Ṣé mo lè fi iyọ̀ díẹ̀ sí i?

Rárá o. Ní oṣù keje ọdún 1999, Salisu Buhari fi ipò olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá sílẹ̀ nítorí pé ó pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Toronto, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn akọ̀ròyìn ní láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé Kánádà. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó ní dátà lè fi ohun tí ẹ kọ sí LinkedIn wé ohun tí ẹ kọ sí Facebook kí omi tó hó lórí iná.

Èyí kan àwọn tó ń gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sórí pèèjì wọn pẹ̀lú. Ẹ lè gbé e bí ẹ bá kọ orúkọ ẹni tó ṣe é síbẹ̀.

Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́ àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Èdè tí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín fi ń dúnàádúrà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá kò ní òǹkàwé lórí ayélujára: BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá láti ọdún 2018, bẹ́ẹ̀ kíbọọ̀dù Google ní Yorùbá nínú, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà yín bá wà lókè òkun, bíi Peckham tàbí Houston, ẹ lè kọ ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan sábẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá yín lójú kì í gbé iṣẹ́ yín ga. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ dà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fẹ́ san owó fún mi kí n polówó ọjà wọn. Ṣé kí n gbà?

Bí ẹ bá lè lò ó nílé yín. Ẹ sọ gbangba pé wọ́n sanwó fún yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀ láàárín hashtag ogún. Òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ti ọdún 2022 kan ìpolówó orí ayélujára pẹ̀lú, nítorí náà ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bóyá wọ́n ti gba àṣẹ. Oògùn, ìpara tó ń bóra àti ètò tó ní owó yín á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú yín ni àwọn tó bá pàdánù máa rántí.

Báwo ni mo ṣe lè sọ òtítọ́ nípa ara mi láìtú àṣírí ara mi?

Ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú gbogbo wọn. Àdúrà tí à ń gbà láàárọ̀ ni pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú, lẹ́yìn náà à ń gbé fóònù, à ń tú u fúnra wa. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fi ayé tí kò gbé hàn ń ṣe ara rẹ̀ níbi púpọ̀. Òtítọ́ kò ní kí ẹ sọ gbogbo nǹkan. Ohun tó ní ni pé kí èyí tí ẹ bá sọ má jẹ́ irọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn ara rẹ̀ ni pé: ìtàn ta ni? Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ìtàn yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ìyàwó ló ń bọ́ ilé lásìkò yẹn, pé ẹ̀gbọ́n yín kọ̀ láti ràn yín lọ́wọ́, ó ti di ìtàn èèyàn mẹ́ta, àwọn méjì kò sì sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ ò bá lè kà á sí wọn létí, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ohun kejì ni ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ìbínú kọ ní agogo méjì òru, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù di ọ̀sán ọ̀la. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an nílò ẹni tó máa gbé ìpè rẹ̀, àwọn àjèjì kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Ṣé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àìsàn mi?

Ó lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sì jáde sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé àrùn AIDS ló fa ikú náà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà kò tíì gbà pé àrùn náà wà. Ẹ kíyè sí ẹni tó sọ ọ́: ará ilé ni, dókítà tó mọ ohun tó ń sọ ni, ó sì ní ìdí tó fi sọ ọ́.

Ẹ bi ara yín ní irú ìbéèrè yẹn. Bí ẹ bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹ genotype wò kí wọ́n tó fẹ́ra, ìdí gidi nìyẹn. Ẹ rántí pé ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ lè kà á lọ́dún márùn-ún sí i, àti pé tí ẹ bá sọ ti àìsàn ìdílé, ẹ ti sọ ti àwọn àbúrò yín pẹ̀lú. Òfin wà lọ́dọ̀ wa, láti ọdún 2014, tó ní kí wọ́n má fi HIV du ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin kì í dí ẹnu aládùúgbò. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó máa dúró tì yín kí ẹ tó sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ṣé mo lè gbé àwòrán àwọn ọmọ mi síta?

Èrò wa ni pé kí ẹ dín in kù gidigidi. Ẹ wo àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé tí òbí ń gbé síta ní oṣù kẹsàn-án: báájì ilé ìwé wà láyà yúnífọ́ọ̀mù, orúkọ ọmọ wà lára báàgì, nọ́ńbà ilé wà lára géètì lẹ́yìn, ìyá sì kọ ọ́ sábẹ́ pé aago méje ni wọ́n jáde. Ajínigbé kò tún ní ohun tó fẹ́ béèrè mọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ń kọ́? Orúkọ ọmọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá kó tó lọ ilé ọkọ, gbogbo rẹ̀ nínú pósítà kan. Ohun tí báǹkì máa ń béèrè láti fi dá èèyàn mọ̀ nìyẹn. Ẹ lè fi pósítà ránṣẹ́ sí ẹbí ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kékeré ọmọ náà nìkan síta. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbọ́n, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e, pàápàá bó bá jẹ́ àwòrán ibi tó ti ń sunkún tàbí tí wọ́n ti ń bá a wí.

Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ gbé síta rárá?

Káàdì ATM, NIN, BVN, káàdì ìdìbò, ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìpè NYSC. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú: ẹni tó bá rí nọ́ńbà ìwé náà àti orúkọ bàbá yín lè wọ inú rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, kó yí i padà. Ibi tí ẹ wà, ẹ gbé e síta nígbà tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, ibi tí wọ́n ti yà á lè wà nínú fáìlì náà. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, WhatsApp á yọ ọ́ kúrò.

Bí mi ò bá fi owó hàn, ṣé àwọn èèyàn á gbà pé mo ti ṣe àṣeyọrí?

Àwọn tó máa gbé iṣẹ́ fún yín á gbà. Ramon Abbas, oníjìbìtì orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi, fi mọ́tò àti aṣọ olówó ńlá hàn lórí Instagram fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n mú un ní Dubai ní 2020, ohun tó gbé síbẹ̀ wà lára ohun tí FBI fi dá a mọ̀, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún tó lé ní mọ́kànlá ní 2022. Ẹ ò ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé owó hàn, ẹ ń pe olè, àwọn tó ń wá ìrànwọ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tó máa rò pé ìyẹn ni iṣẹ́ yín.

Ṣé kí n sọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ẹ̀sìn?

Ọmọ ìlú ni yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ kàn mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan á lọ, kí ẹ sì fara mọ́ ọn. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ṣì ń mú ẹni tó bá gbé ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni síta tí ìyẹn sì lè dá wàhálà sílẹ̀ nílùú. Nítorí náà, ẹ má fi fóònù ṣọwọ́ ohun tí ẹ ò wádìí.

Mo fẹ́ gba fìsà Amẹ́ríkà. Ṣé kí n pa àwọn pèèjì mi rẹ́?

Ẹ má pa wọ́n rẹ́ torí rẹ̀, ẹ má sì fi wọ́n pamọ́. Láti ọdún 2019 ni fọ́ọ̀mù DS-160 ti ń béèrè orúkọ tí ẹ lò lórí àwọn ìkànnì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún ní kí àwọn tó ń lọ kàwé tàbí tó ń lọ fún ètò pàṣípààrọ̀, fìsà F, M àti J, ṣí àwọn pèèjì wọn sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ohun tó ń kó bá èèyàn jù ni pé kí ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù tako ohun tó wà lórí LinkedIn: ilé iṣẹ́ mìíràn, ọdún mìíràn, ìyàwó níhìn-ín, àpọ́n lọ́hùn-ún. Ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n bára mu.

Mo kọ nǹkan kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún tí ojú ń tì mí báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹnì kan lè ti ya àwòrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó dun èèyàn, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni yẹn gan-an. Kò dìgbà tí wọ́n bá gbé e jáde.

Èyí tí ẹlòmíràn kọ nípa yín yàtọ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú dátà yín pa á rẹ́ ní àwọn ìgbà kan, ẹ sì lè gbé ẹjọ́ lọ bá NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà. Àwọn ará wa tó wà ní Bìrìtìkó àti ilẹ̀ Yúróòpù lè kọ̀wé sí Google pé kó yọ ohun tó ti pẹ́ tàbí tí kò tọ́ kúrò nínú ohun tí orúkọ wọn ń gbé jáde. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2014 ló ṣí ọ̀nà yẹn. Òótọ́ tó kan aráàlú, bíi ẹjọ́ tí wọ́n dá fún olóṣèlú, kò rọrùn láti yọ, kò sì yẹ kó rọrùn.

Ẹnì kan ń lo orúkọ àti àwòrán mi láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ ya screenshot ohun gbogbo kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ tọ́jú link rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣe fídíò kúkúrú níbi tí ojú àti ohùn yín ti hàn, kí ẹ sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ ń lò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ report pèèjì náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ yín sì report rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń díbọ́n. Bí owó bá ti lọ, ẹni tó sanwó gbọ́dọ̀ sá lọ bá báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì yín gan-an ni wọ́n gbà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ fi kóòdù tó wọ orí fóònù yín ránṣẹ́ sí "ọ̀rẹ́" kan. Ẹ tan two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí kejì, sórí WhatsApp lónìí. Nọ́ńbà mẹ́fà ni ẹ máa yàn. Ní ti orúkọ òwò, ìforúkọsílẹ̀ CAC kò sọ ọ́ di tiyín nìkan lọ́jà. Ọ́fíìsì trademark, ìyẹn àmì òwò, ní Àbújá ló ń ṣe ìyẹn: ọdún méje ló kọ́kọ́ ń fún yín, tí ẹ bá sì tún un ṣe, ọdún mẹ́rìnlá.

Ta ló yẹ kó kéde ikú, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí pèèjì ẹni tó kú?

Ẹbí òkú ló yẹ kó kéde rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé orí Facebook ni wọ́n ti rí "sùn un re" lábẹ́ àwòrán bàbá wọn, kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Ẹ dúró títí ẹbí fi máa sọ ọ́, bó ti wù kí ẹ sún mọ́ olóògbé tó.

Ní ti pèèjì, Facebook ń jẹ́ kí ẹ yan ẹnì kan tó máa bójú tó o lẹ́yìn yín, legacy contact ni wọ́n ń pè é. Ó lè yí àwòrán padà, ó lè kọ ìkéde sókè pèèjì, ṣùgbọ́n kò lè ka àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín. Google náà ní Inactive Account Manager: ẹ yan oṣù mẹ́ta sí oṣù méjìdínlógún, bí ẹ ò bá wọlé láàárín ìgbà yẹn, ó máa kọ̀wé sí ẹni tí ẹ dárúkọ. Ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ yàn. Bó bá jẹ́ oníṣòwò ni yín, ẹ kọ sínú ìwé tó wà nílé àwọn oníbàárà tó ti san owó àsansílẹ̀, kí ẹbí lè mọ ẹni tí wọ́n máa pè.